Ọ̀rọ̀ Tí A Bá A Parí

Ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òpònú ni mo fẹ́. Ìwé adójútòfò ló ń tà. Bí iná bá jó ilé rẹ, bí ọkọ̀ rẹ bá já sí kòtò, iléeṣẹ́ wọn ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀, ìyẹn bí o bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣáájú. Ẹni tó bá lè jókòó ti ènìyàn tí ilé rẹ̀ dúró dáadáa, kó sì mú un bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn èéfín, ẹ mọ̀ pé ahọ́n rẹ̀ kì í ṣe ahọ́n lásán. Ní ilé ìjọsìn wa, òun ló ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kí Bàbá Aṣáájú tó dìde wàásù. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Olùkọ́. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé, pàápàá bí inú bá ń bí mi.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kò rọ̀ lẹ́nu. Akólòlò ni. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù padà, ìyá wọn sì ti kú, nítorí náà ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Síbẹ̀ ọmọ ọkọ ni, n kò lè máa la orúkọ mọ́ ọn lórí. Mo wo bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́, mo sọ ọ́ ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti di géńdé báyìí. Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń jí lọ po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, á sì padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábíyá àti ìyẹ̀fun nínú irun. Bí o bá kí i, ẹ̀rín ni yóò fi dá ọ lóhùn, torí kó tó sọ pé "ẹ káàsán" tán, ilẹ̀ lè ti ṣú.

Ẹ rí nǹkan? Èmi tí mò ń ròyìn rẹ̀ yìí náà ti tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti mọ́ wa lára ni.

Kì í pe ènìyàn lórí fóònù. Ó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́ bíi ti gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà díẹ̀ ni Olùkọ́ ti ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní "Ẹ̀sìn Láyé Òde Òní". Ẹ̀kọ́ náà dùn, n kò ní parọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kì í fi ariwo fi ẹ̀sìn sílẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á máa jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa wo fóònù, títí wọ́n á fi yọ́ lọ. Ó ní ìgbàgbọ́ kì í bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ńṣe ló máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bíi táyà, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ àfi tó bá di àárọ̀. Ó ní kí kálukú máa ṣọ́ ará ilé rẹ̀. Gbogbo wa ń mi orí. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú mi ń yí ọrùn wo àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn, bí ẹni ń wá ibi tí òjò ti ń jò wọlé.

Ní àsìkò yẹn kan náà ni Olùkọ́ ní kí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ka ìwé mímọ́ fún ìjọ. Ó ní bó bá ń kà á lójú gbogbo ènìyàn, Ọlọ́run yóò tú ahọ́n rẹ̀. N kò ní sọ pé ìkà ló fi ṣe é. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ ìyanu jù ú lọ díẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kà á, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí mo lọ̀ fún un, ó di ìwé náà mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó dé orí "sùúrù" ló há. Ó ní "s", ó tún ní "s", ọ̀rọ̀ náà kàn ń fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, kò ní ohùn nínú. Olùkọ́ gbé ojú sókè láti orí àga iwájú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, táyà ta ló ń jò níbẹ̀ un?"

Ìjọ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá Aṣáájú pàápàá ń fi aṣọ ìnujú nu omijé. Èmi ńkọ́? Mo fi ìborí bo ẹnu, èjìká mi ń gbọ̀n. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì ka èyí tó kù dópin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fetí sí i mọ́.

Ẹnì kan ti fi fóònù ká a sílẹ̀. Kí a tó jẹun alẹ́ tán lọ́jọ́ náà, fídíò yẹn ti wọ gúrúùpù ìjọ, àwọn ojú róbótó tó ń fi omijé rẹ́rìn-ín sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó dé ilé búrẹ́dì. Láti ọjọ́ yẹn, bí Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti wọlé, ẹni tó wà nídìí ààrò á ní "sssss", gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. N kò mọ ìyẹn nígbà náà. N kò béèrè ni n kò fi mọ̀.

Ọjọ́ ìsìn tó tẹ̀ lé e, kò wá. Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń tajà nígbà tí fóònù mi dún. Òun ló kọ̀wé sínú gúrúùpù ìjọ:

"E jowo mi o fe esin mo. E yo mi kuro."

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò fi àmì kankan sí i lórí. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Èmi kò tilẹ̀ mọ ibi tí àmì wà lórí tèmi. Pẹrẹsẹ báyìí la máa ń kọ ọ́, ẹni tó bá kà á ni yóò fi ohùn sí i fúnra rẹ̀. Mo fi ohùn sí i. Gbogbo ìjọ fi ohùn sí i. Ohùn kan náà sì ni gbogbo wa fi sí i, torí ohun tí wọ́n ti ń sọ sí wa létí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nìyẹn: mi ò fẹ́ ẹ̀sìn mọ́.

Oníbàárà kan dúró níwájú mi, ó ń gbìyànjú láti pe orúkọ oògùn kan tí dókítà kọ́ ọ lẹ́nu. Mo ní kó fara balẹ̀, kó pè é tán. Nídìí iṣẹ́ wa, a kì í bá oníbàárà parí orúkọ oògùn. Oògùn méjì lè jọra níbẹ̀rẹ̀ orúkọ, kí ọ̀kan wà fún ikọ́, kí èkejì wà fún ọkàn, bí o bá sì kánjú, o ti ṣe ẹni ẹlẹ́ni léṣe nìyẹn. Mo dúró títí oníbàárà náà fi pè é tán. Mo fún un ní tirẹ̀, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sáré lọ sílé.

Olùkọ́ ti délé ṣáájú mi. Ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú pálọ̀, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù rẹ̀ ń dún lórí tábìlì, kò gbé e.

"Ó tẹ́ mi," ó ní. "Ìyàwó mi, ọmọ yìí tẹ́ mi lójú ayé. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n ṣọ́ ilé wọn!"

"Ṣé ẹ ti bi í léèrè?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ṣé o ò rí ohun tó kọ ni? Ó ní ká yọ òun kúrò."

N kò tún béèrè mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ojú àwọn obìnrin ìjọ ni mò ń rí, bí wọ́n ṣe máa kí mi pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹnu tó ń ṣe àánú àti ojú tó ń yọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n pè é sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n ń kó àga oníike àti gbohùngbohùn sí. Bàbá Aṣáájú wà níbẹ̀, arúgbó pẹ̀lẹ́ tó fẹ́ràn kí nǹkan tètè tán. Ọkọ mi jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà wá torí èmi ni mo tọ́ ọ. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀. Ó wù mí kí n nù ún kúrò, ṣùgbọ́n n kò dìde.

"Ọmọ mi, má bẹ̀rù," ni Bàbá Aṣáájú wí. "Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wa. Kí ni o ò fẹ́ mọ́?"

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀. "M-mi ò f-fẹ́ ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀..."

Fáànù òkè ń dún kẹ́ú, kẹ́ú. Bàbá Aṣáájú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀sìn," ni ọkọ mi bá a parí rẹ̀. "Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀sìn. Ohun tó kọ náà nìyẹn, Bàbá."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi orí. Ó mì í gan-an, ó tún na ọwọ́ bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. "R-rárá, ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀..."

"Ẹ̀sìn ni," lèmi náà sọ, ohùn mi rọ̀. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ó yíjú sí mi. N kò rí i kó wò mí báyẹn rí láti kékeré rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó pa ẹnu dé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn náà tó tún là á.

"Ẹ rí i fúnra yín, Bàbá," ni ọkọ mi wí. "Ó ti sé ọkàn rẹ̀ le."

Bàbá Aṣáájú mí kanlẹ̀, ó ní kó jókòó sílé ná títí orí rẹ̀ yóò fi wálé. Olùkọ́ wá fi tirẹ̀ kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ará ilé rẹ̀: ó ní bí oṣù bá ti parí, kí àbúrò òun wá ibòmíràn gbé. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ń wo ojú wa, bóyá a rí i pé kò ṣojúsàájú.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kò yéé gbé búrẹ́dì wálé. Ó máa ń fi aṣọ bò ó sórí tábìlì, á sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Olùkọ́ kì í fọwọ́ kàn án. Ńṣe ló máa ń lọ ra tirẹ̀ ní ìkóríta. Ilé búrẹ́dì kan náà ló ṣe é, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló pò ó, n kò sì sọ fún un. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o, torí kò sí ohun mìíràn tó pa wá lẹ́rìn-ín nínú ilé náà nígbà yẹn.

Bí mo ṣe wá mọ òtítọ́ kò bu iyì kankan fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mò ń ká etí síkẹ́ẹ̀tì mi sókè, abẹ́rẹ́ olórí róbótó ni mo fi ń mú un pọ̀ kí n tó rán an. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ìbínú dédé gbé mi. Mo ní, "Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, dúró ná. Kí ni ẹ̀sìn fi ṣe ọ́ gan-an tó o fi dójú tì wá tó báyìí?" Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo kó abẹ́rẹ́ bí mẹ́rin sáàárín ètè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ mi.

Ó ní, "Àǹtí, k-kì í ṣe ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀..."

Bí kì í bá ṣe abẹ́rẹ́ ni, ǹ bá ti bá a sọ ọ́. Mo ti gbé ojú sókè, mo ti fẹ́ la ẹnu, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan gún mi létè. Ẹ má gbà pé sùúrù ni mo ní. Irin ló wà lẹ́nu mi.

"...ẹ̀-sín," ló ní. "Ẹ̀sín, Àǹtí. Mo k-kọ ọ́ pé mi ò fẹ́ ẹ̀sín mọ́."

Mo tu abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohùn ìkẹyìn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìparí ni ohùn náà sì wà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ́ kó dé.

Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó pẹ́, mo sì jẹ́ kó pẹ́. Ó sọ ti fídíò, ó sọ ti àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ nídìí ààrò. Ó ní ohun tí òun ń bẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ òun kúrò lára àwọn tó ń kàwé, kí wọ́n sì yọ òun kúrò nínú gúrúùpù tí wọ́n gbé fídíò náà sí. Ó ṣì ń gbàdúrà láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní Ọlọ́run kò tíì bá òun parí ọ̀rọ̀ rí.

"Kí ló dé tó ò tún kọ òmíràn ránṣẹ́ sí wa? O lè ṣàlàyé!"

Ó gé èékánná ọwọ́ rẹ̀ jẹ díẹ̀. "Mo f-fẹ́ wò ó b-bóyá ẹnì kan máa bi mí." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ b-bi mí. Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí.

Nígbà tó wọ yàrá rẹ̀ lọ, mo jókòó ti síkẹ́ẹ̀tì náà, n kò lè fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́. Ojú ń tì mí nínú pálọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn. Mò ń rò ó pé, kí ni à ń wá nínú ẹ̀sìn gan-an? A ní Ọlọ́run ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn kó tó dé ẹnu. Ó dára. Àwa tí à ń sìn ín, èyí tó ti dé ẹnu pàápàá, a kò gbọ́. A ti kọ́ ẹ̀kọ́ lórí sùúrù títí a fi lè kà á lórí, ọmọ kan wá fẹ́ kí a fún òun ní ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń so okùn bàtà, gbogbo wa kò ní in. Àbí ṣé a kò tilẹ̀ fẹ́ ní in ni? Torí bí ó bá jẹ́ pé òun ló kọ Ọlọ́run sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, àwa lè máa káàánú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín wa ló lé e, a jẹ́ pé àwa ni wọ́n máa bi. Ọkàn ènìyàn gbọ́n, ó mọ èyí tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbọ́.

Mo sọ fún Olùkọ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà.

"Ẹ̀sín?" ó ní. "Kí ló dé tí kò fi àmì sí i?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ ti fi àmì sí i rí?"

"Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà tí Bàbá bi í."

"Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ bá a parí rẹ̀. Èmi náà bá a parí rẹ̀."

Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà tó wà ní kékeré, bí mo bá mú un lọ síléèwé, èmi ni mo máa ń bá a dá tíṣà lóhùn. Á kàn wojú mi, màá sọ ọ́ fún un. N kì í ṣì í nígbà yẹn." Ó gbé bàtà náà sílẹ̀. "Mo rò pé mo ṣì mọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ."

Ojú tì í. Mo rí i, inú mi sì dùn, ẹ má bínú. Nígbà tó di àárọ̀, ó ní ibi tí òun ti bà á jẹ́ lòun yóò ti tún un ṣe, pé lọ́jọ́ ìsìn, lójú gbogbo ìjọ, lòun yóò tọrọ àforíjì. Mo ní ọkọ mi ṣe ọkùnrin. Ó ní kí n bá òun bẹ àbúrò òun kó wá.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kò fẹ́. "Ẹ ní kí wọ́n s-sọ ọ́ fún mi nílé, Àǹtí. Ó tó."

"Rárá o," ni mo wí. "Gbogbo ayé ló gbọ́ èyí tí kò dáa. Gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí." Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ìyá rẹ̀ tó ti kú bẹ̀ ẹ́, kò rí ọ̀nà gbà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ó jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ dìde. N kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó dáa tó báyẹn rí. Ó pe ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀sìn, ẹ̀sín, ẹ̀sìn, ẹ̀sín, títí gbogbo ilé fi ń bá a pè é. Ó ní ẹ̀sìn tí kò bá ní àánú nínú, ohùn kan péré ló kù kó di ẹ̀sín. Àwọn ènìyàn ń pariwo, "Ẹ tún un sọ!" Ó tún un sọ. Ó ní òun, Olùkọ́ yín yìí, òun ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Obìnrin kan ń sunkún níwájú mi. Èmi náà wá aṣọ ìnujú mi.

Ó wá ní kí òun ṣàlàyé bó ṣe rí nínú yàrá kékeré ọjọ́ náà. Ó ní, "Bàbá bi í, àbúrò mi dáhùn, ó ní..." Ó na ọrùn, ó di ojú méjèèjì, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀..."

Ó ṣe é jọ gẹ́lẹ́. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an ló dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀rín bú jáde láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán tí ara ń tù ni. Mo rí ọwọ́ kan tó gbé fóònù sókè. Ẹ̀rín náà gun èmi pẹ̀lú dé ọ̀fun kí n tó mọ̀ ọ́n, mo sì fi agbára gbé e mì.

Nígbà tó parí, gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá Aṣáájú dì mọ́ ọn, ó ní òun kò rí irú ìrẹ̀lẹ̀ báyìí rí láti ìgbà tí òun ti wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo yíjú wẹ̀yìn. Àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ti ṣófo, kò sì sẹ́ni tó lọ bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.

A ń lọ sílé, ara Olùkọ́ yá gágá. "Ṣé o rí bó ṣe wọ̀ wọ́n lára? Bàbá ní kí n wá tún un sọ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo dúró láàárín ọ̀nà. "Olùkọ́. Àbúrò yín dà?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Ṣé kò wá ni?"

"Ó wá. Ó wà níbẹ̀ títí ẹ fi sín in jẹ."

"Èmi? Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe..." Ó dákẹ́ síbẹ̀. N kò bá a parí rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá kòtò omi pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábíyá, àwọn tó ń kọjá ń kí i kú iṣẹ́. Mo rí ìtìjú tó ń gùn ún bọ̀ láti ọrùn, kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè gbé lọ síwájú ìjọ. Ojú tì mí fún un, ojú tì mí fún ara mi pẹ̀lú, torí èmi ni mo fi ìyá òkú bẹ ọmọ náà wá.

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó ti ká a. Ọkọ mi wọlé. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ gígùn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ní iwájú ọmọ tó fi ọdún púpọ̀ jù lọ.

"Dárí jì mí," ló sọ. Ó tán.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "m-mo ti d... d... d..."

Ọmọdé kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta, ó gbá a, ó tún gbá a. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mò ń dúró dè. Mo rí ètè ọkọ mi tó ti ṣe bí ẹni fẹ́ pè é, dárí, dárí jì yín, mo sì rí i tó fi eyín mú ètè náà. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì ń dúró.

"D... d... di ẹrù mi," ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

Ọkọ mi mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Mo gbọ́," ó ní.